FTP Wọlé, Fáìlì Ò Wọlé

Àìsàn yìí ní àmì kan tí mo fi ń dá a mọ̀ lórí fóònù, kí n tó gbé báàgì iṣẹ́ mi rárá. Oníbàárà á ní òun ti tẹ orúkọ, òun ti tẹ ọ̀rọ̀ aṣínà, sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń tọ́jú fáìlì, sì ti gba òun wọlé. Ó tiẹ̀ kí òun káàbọ̀. Àmọ́ bí òun ṣe ní kó to àwọn fáìlì tó wà níbẹ̀ sílẹ̀ kí òun rí wọn, kẹ́kẹ́ pa mọ́ ọn lẹ́nu. Kò ní òun kọ̀, kò sì ní òun gbà. Nígbà tó bá yá, ìlà kan tó fi 425 bẹ̀rẹ̀ á yọ lójú kọ̀ǹpútà, ìyẹn ni pé sáfà ò rí ọ̀nà tí fáìlì máa gbà kọjá. Bí mo bá ti gbọ́ pé “ó gbà mí wọlé, àmọ́ kò gbé nǹkan kan jáde,” mo ti mọ̀ pé FTP, ìlànà àtijọ́ tí àwọn kọ̀ǹpútà fi ń gbé fáìlì fúnra wọn, ni wọ́n ń lò, NAT tí ráútà ń ṣe sì wà láàárín.

Àwọn atẹ̀wé Ṣómólú ní Èkó ni mo ń bá tún nẹ́tíwọ́ọ̀kì ṣe. Ẹni tó bá mọ Ṣómólú mọ̀ pé ibẹ̀ ni ìwé ìpè ìgbéyàwó, kàlẹ́ńdà, pósítà olóṣèlú àti ìwé ọmọ iléèwé ti ń jáde lójoojúmọ́, iná wà o, iná ò sí o. Fáìlì tí wọ́n fi ń tẹ ìwé kì í ṣe ohun tí èèyàn ń há mọ́ ímeèlì. Bí wọ́n bá sì fi àwòrán ránṣẹ́ lórí WhatsApp bí wọ́n ṣe ń fi fọ́tò ránṣẹ́, á fún un pọ̀ títí tí kò fi ní wúlò fún pósítà mọ́. Yàtọ̀ sí èyí, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ fọ́tókọ́pì ńláńlá tó wà láwọn ṣọ́ọ̀bù yẹn, tòkunbọ̀ ni. Wọ́n lè ya ìwé kí wọ́n sì fi ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà fúnra wọn, ṣùgbọ́n FTP ni èdè tí àwọn àgbà inú wọn gbọ́. Kámẹ́rà ààbò tí wọ́n ń kàn mọ́ ògiri náà ń lò ó láti fi àwòrán pamọ́ síbi tó jìnnà.

Wọ́n á ní FTP ti kú. Níbo ló kú sí? Lóòótọ́, àwọn tó ń ṣe Debian ti pa sáfà FTP tí wọ́n ṣí fún gbogbo ayé ní ọjọ́ 1 oṣù kọkànlá ọdún 2017, Firefox àti Chrome náà sì yọ ọ́ kúrò pátápátá lọ́dún 2021. Àmọ́ ẹ̀rọ fọ́tókọ́pì kì í ka ìròyìn.

Alhaja kan tó ní ilé ìtẹ̀wé pè mí lẹ́yìn tí wọ́n pààrọ̀ ráútà wọn. Fọ́tókọ́pì wọn ní Ṣómólú ti ń fi ìwé tó bá yà ránṣẹ́ sí sáfà kan ní ẹ̀ka wọn ní Ìbàdàn láìsí wàhálà. Bí ráútà tuntun ṣe dé, ó dáwọ́ dúró.

“Ẹnjiníà, ẹni tó ta ráútà fún wa ní fọ́tókọ́pì ló bàjẹ́. Ẹni tó ń tún fọ́tókọ́pì ṣe ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Ta ni ká gbà gbọ́?”

“Ẹ má gba ìkankan gbọ́, Alhaja. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí àwọn ẹ̀rọ náà ń bá ara wọn sọ.”

“Wọ́n máa ń sọ̀rọ̀ ni?”

“Wọ́n ń sọ̀rọ̀, mà. Gbangba ni wọ́n sì ń sọ ọ́.”

Mi ò fi ọ̀rọ̀ yẹn ṣeré. Àṣẹ FTP jẹ́ ọ̀rọ̀ tí ojú èèyàn lè kà, torí pé nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀, kò sẹ́ni tó rò pé ó yẹ kí wọ́n fi nǹkan kan pamọ́. Oṣù kẹrin ọdún 1971 ni Abhay Bhushan, ọmọ Íńdíà tó wà ní MIT ní Amẹ́ríkà, kọ ìlànà àkọ́kọ́ jáde, nínú ìwé tí wọ́n fún ní nọ́ńbà RFC 114. Nígbà yẹn, àwọn kọ̀ǹpútà tó wà lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ARPANET ò pọ̀, kálukú ló ní àdírẹ́sì tirẹ̀, ẹnikẹ́ni sì lè pe ẹnikẹ́ni. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1985, Jon Postel àti Joyce Reynolds tún ìlànà náà kọ nínú RFC 959. Òun náà la ṣì ń lò dòní, pẹ̀lú gbogbo ìgbàgbọ́ àtijọ́ tó wà nínú rẹ̀.

Ìgbàgbọ́ tó tóbi jù níbẹ̀ ni pé ìsopọ̀ méjì ni FTP ń lò, kì í ṣe ọ̀kan. Àkọ́kọ́ ń lọ sí pọ́ọ̀tì 21 lórí sáfà. (Pọ́ọ̀tì ni nọ́ńbà tó ń sọ irú iṣẹ́ tí ọ̀rọ̀ tó wọlé wà fún nínú kọ̀ǹpútà.) Orí ìsopọ̀ àkọ́kọ́ yìí ni wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ nìkan: orúkọ mi nìyí, ọ̀rọ̀ aṣínà mi nìyí, fún mi ní fáìlì báyìí. Fáìlì fúnra rẹ̀ kì í gba ibẹ̀ kọjá. Wọ́n á ṣí ìsopọ̀ kejì fún un, wọ́n á sì tì í bó bá ti parí. Lọ́nà àtijọ́, sáfà ló ń ṣí ìsopọ̀ kejì yìí padà sọ́dọ̀ ẹni tó pè é. Kí sáfà lè mọ ibi tó máa pè, ẹ̀rọ á fi ìlà kan ránṣẹ́. Èyí tí fọ́tókọ́pì Alhaja ń fi ránṣẹ́ rí báyìí:

PORT 10,0,0,7,195,80

Nọ́ńbà mẹ́rin àkọ́kọ́ ni àdírẹ́sì fọ́tókọ́pì náà, 10.0.0.7. Méjì tó kẹ́yìn ni pọ́ọ̀tì: ẹ fi 256 sọ 195 di púpọ̀, ẹ ro 80 mọ́ ọn, 50,000 lẹ máa rí. Ohun tó ń sọ ni pé, “Sáfà, pè mí padà ní 10.0.0.7, lórí pọ́ọ̀tì 50,000, kí n gbé ìwé yìí fún ọ.”

Sáfà ní Ìbàdàn ò lè pe 10.0.0.7. Kò sẹ́ni tó lè pè é láti ìta, torí pé àdírẹ́sì inú ilé ni, bíi ti gbogbo èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 192.168 tí ẹ ń rí nínú ráútà yín. Àdírẹ́sì íntánẹ́ẹ̀tì àtijọ́ kò ju 4,294,967,296 lọ, iye yẹn ò sì lè tó fún fóònù, kọ̀ǹpútà, tẹlifíṣọ̀n àti kámẹ́rà gbogbo ayé. Lọ́dún 1994, Kjeld Egevang àti Paul Francis gbé NAT jáde nínú RFC 1631: kí odindi ilé kan máa fi àdírẹ́sì kan ṣoṣo jáde. Ní 1996, RFC 1918 ya àwọn àdírẹ́sì kan sọ́tọ̀ fún inú ilé. Láti ìgbà náà ni ráútà ti ń ṣe bí akọ̀wé tó ń pa àdírẹ́sì inú rẹ́ lára àpò ìwé tó ń jáde, tó sì ń kọ ti ìta sí i. Kì í ṣí àpò náà wò. Gbogbo ohun tó ń lọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ló fẹ́rẹ̀ẹ́ gba èyí mọ́ra, àfi FTP àti ìwọ̀nba bíi tirẹ̀, tí wọ́n tún kọ àdírẹ́sì sínú ìwé.

Nígbà tí mo fi tcpdump gbọ́ ọ̀rọ̀ tó ń jáde láti ọ̀dọ̀ fọ́tókọ́pì, èsì tí sáfà fún un ni “500 Illegal PORT command”. Ó tọ̀nà. vsftpd ni sáfà náà, vsftpd kì í sì í gbà kí ẹnì kan wá láti àdírẹ́sì kan kó ní kí wọ́n pe òun padà ní òmíràn. Nígbà kan rí, àwọn ọ̀daràn ń lo àyè yẹn láti rán sáfà FTP ẹlòmíràn níṣẹ́ lọ sọ́dọ̀ ẹni tí wọ́n fẹ́ yọ lẹ́nu. Ráútà àtijọ́ Alhaja máa ń ka ìlà PORT, á sì tún un kọ kó tó jáde. Tuntun ò mọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Fọ́tókọ́pì ò bàjẹ́, nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà ò sì bàjẹ́. Àwọn méjèèjì tó ń di ẹ̀bi ru ara wọn, kò sí èyí tó ṣí àkọsílẹ̀ wò nínú wọn.

Ọ̀nà àbáyọ tó rọrùn jù wà nínú ẹ̀rọ fọ́tókọ́pì náà gan-an: passive. Steven Bellovin ti gba gbogbo ayé níyànjú ní oṣù kejì ọdún 1994, nínú RFC 1579, pé kí wọ́n fi PORT sílẹ̀, kí wọ́n máa lo PASV. Bí ẹ̀rọ bá fi PASV ránṣẹ́, sáfà ló máa sọ àdírẹ́sì àti pọ́ọ̀tì tirẹ̀, ẹ̀rọ á sì pè é. Ìsopọ̀ méjèèjì á wá máa ti inú ilé jáde, èyí tí NAT fẹ́ràn jù lọ. Mo wọ inú ètò fọ́tókọ́pì, mo tan passive.

Èsì tó dé yìí ni mo ti ń retí:

227 Entering Passive Mode (192,168,1,5,195,149)

Ẹ̀ka Ìbàdàn náà wà lẹ́yìn ráútà tirẹ̀. Sáfà wọn sọ àdírẹ́sì inú ilé tirẹ̀, 192.168.1.5, fọ́tókọ́pì sì ń wá a kiri ní Ṣómólú. Àwọn ètò ìgbàlódé kan ti gbọ́n sí ọ̀rọ̀ yìí: FileZilla á sọ pé àdírẹ́sì tí sáfà mú wá ò ṣeé dé, òun á padà lo èyí tí òun fi pè é. Láti 2020 ni curl náà kì í ti í ka àdírẹ́sì inú èsì 227 sí mọ́, àfi tí ẹ bá ní kó kà á. Fọ́tókọ́pì ò gbọ́n tó bẹ́ẹ̀. Torí náà, sáfà la tún ṣe, ìlà mẹ́ta nínú ètò vsftpd:

pasv_address=203.0.113.10
pasv_min_port=50000
pasv_max_port=50100

(Mo fi 203.0.113.10 rọ́pò àdírẹ́sì wọn gangan. Àpẹẹrẹ ni wọ́n ya irú rẹ̀ sọ́tọ̀ fún.) Ìlà àkọ́kọ́ ní kí sáfà máa sọ àdírẹ́sì ìta. Méjì tó kù há àwọn pọ́ọ̀tì mọ́ ibì kan, kí èèyàn má bàa ṣí ẹgbẹẹgbẹ̀rún pọ́ọ̀tì sílẹ̀ fún olè. Lẹ́yìn náà, a ní kí ráútà Ìbàdàn máa darí pọ́ọ̀tì 21 àti 50000 dé 50100 sí 192.168.1.5. Kí á tó sọ̀rọ̀ lọ sọ̀rọ̀ bọ̀, ìwé ti ń wọlé. Iṣẹ́ tí èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀yin òǹkàwé máa nílò kò ju èyí lọ.

Ìgbà wo wá ni èèyàn nílò aṣojú, ìyẹn proxy? Nígbà tí ẹ̀rọ kan bá le débi pé kò ní àyè passive nínú, tàbí nígbà tí fáyáwọ̀ọ̀lù, ìyẹn aṣọ́nà nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilé iṣẹ́, bá ti gbogbo pọ́ọ̀tì tó ń jáde àfi èyí tí wọ́n dárúkọ. Mo ní oníbàárà kan ní Ìkẹjà tó jẹ́ irú èyí. Wọn ò jẹ́ ṣí pọ́ọ̀tì tó ju 1024 lọ fún ẹnikẹ́ni, mi ò sì bá wọn jà, torí pé òfin tó dáa ni. OpenBSD, ọ̀kan lára àwọn ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, ni wọ́n fi ṣe fáyáwọ̀ọ̀lù, lórí kọ̀ǹpútà kékeré kan tó tóbi tó ìwé atúmọ̀ èdè. Ètò fáyáwọ̀ọ̀lù inú rẹ̀, pf, Daniel Hartmeier ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ́dún 2001, nígbà tí àríyànjiyàn lórí ìwé àṣẹ mú kí OpenBSD yọ IPFilter tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀. Inú OpenBSD yìí náà ni ftp-proxy wà.

Ìlà méjì péré ló gbé iṣẹ́ náà nínú /etc/pf.conf:

anchor "ftp-proxy/*"
pass in quick inet proto tcp to port ftp divert-to 127.0.0.1 port 8021

Ìlà kejì ni mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ. Ẹ̀rọ inú ilé tó bá ń lọ sí pọ́ọ̀tì 21 níbikíbi láyé, fáyáwọ̀ọ̀lù á dá a dúró, á mú un lọ sọ́dọ̀ ftp-proxy tó ń dúró lórí pọ́ọ̀tì 8021 nínú fáyáwọ̀ọ̀lù náà gan-an. Ẹ̀rọ ò ní mọ̀, á rò pé sáfà lòun ń bá sọ̀rọ̀. ftp-proxy á wá pe sáfà gidi lórúkọ ara rẹ̀, á máa ka gbogbo ọ̀rọ̀ tó ń lọ tó ń bọ̀. Bó bá rí PORT tàbí 227, á tún àdírẹ́sì inú rẹ̀ kọ. Á sì fi òfin tuntun sínú ibi tí ìlà àkọ́kọ́ yà sọ́tọ̀ fún un: kí fáìlì yìí kọjá, láàárín àwọn méjì yìí, lórí pọ́ọ̀tì yìí nìkan. Bí ìjíròrò bá parí, òfin náà á pòórá. Kò sí pọ́ọ̀tì kan tó wà ní ṣíṣí lálẹ́ tí gbogbo èèyàn ti lọ sílé.

Ohun tó kù ò pọ̀. Ẹ rí i pé òfin yín gba fáyáwọ̀ọ̀lù fúnra rẹ̀ láyè láti jáde sí pọ́ọ̀tì 21. Ẹ tẹ “rcctl enable ftpproxy”, ẹ tẹ “rcctl start ftpproxy”, ẹ ní kí pf tún òfin rẹ̀ kà pẹ̀lú “pfctl -f /etc/pf.conf”. Bó bá jẹ́ pé sáfà ló wà nínú ilé, tí àwọn ará ìta ń pè é, -R ni wọ́n ń fi kún ftp-proxy kó lè ṣiṣẹ́ láti ìdàkejì. Bí ẹ bá rí ẹ̀kọ́ àtijọ́ tó ní kí ẹ kọ nat-anchor àti rdr-anchor, ẹ wo ọdún tí wọ́n kọ ọ́. OpenBSD 4.7 ti yí gírámà yẹn padà lọ́dún 2010, òun ló sì ń da orí àwọn ọmọṣẹ́ rú títí dòní.

Linux gba ọ̀nà mìíràn. Kò lo aṣojú. Inú kernel, ìyẹn ọkàn ètò náà fúnra rẹ̀, ló ti ń ka FTP, nípasẹ̀ nf_conntrack_ftp àti nf_nat_ftp. Ó yá kánkán, àmọ́ iṣẹ́ tó wà níbẹ̀ le ju bó ṣe rí lójú lọ. Bó bá fẹ́ fi 203,0,113,10 rọ́pò 10,0,0,7 nínú ìlà PORT, lẹ́tà mẹ́rin ló fi kún ọ̀rọ̀. TCP, ìlànà tó ń gbé ọ̀rọ̀ náà, sì ń ka gbogbo lẹ́tà tó bá kọjá, ìhà méjèèjì ló ní òǹkà tirẹ̀. Torí náà, láti ìgbà yẹn títí ìsopọ̀ náà á fi parí, fáyáwọ̀ọ̀lù á máa ro mẹ́rin mọ́ òǹkà tó ń lọ, á sì máa yọ mẹ́rin kúrò nínú èyí tó ń bọ̀. Aṣojú ò ní wàhálà yìí, torí pé ìsopọ̀ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló dì mú. Èmi fẹ́ràn aṣojú jù. Bí ẹnì kan bá fi ọ̀rọ̀ burúkú dá a láàmú, ètò kékeré tí àṣẹ rẹ̀ ò pọ̀ ló dá láàmú, kì í ṣe ọkàn kọ̀ǹpútà. Àwọn oní-Linux náà fura: láti kernel 4.7 lọ́dún 2016, kernel kì í dédé ṣe iṣẹ́ yìí fúnra rẹ̀ mọ́, ẹ gbọ́dọ̀ fi òfin pàṣẹ fún un. Ọ̀pọ̀ ló gbé kọ̀ǹpútà sórí ẹ̀yà tuntun, tí FTP wọn dáwọ́ dúró mọ́jú, tí wọ́n sì ń wá ẹni tó ṣépè fún wọn.

Aṣojú àti kernel, àwọn méjèèjì ní ibi tí agbára wọn mọ. Bí ẹ bá bo FTP pẹ̀lú TLS, tí wọ́n ń pè ní FTPS, ọ̀rọ̀ orí pọ́ọ̀tì 21 á di àṣírí, kò sì sẹ́ni tó máa lè rí PORT tàbí 227 kó tún un kọ. Àfi ọ̀nà Ìbàdàn yẹn: kí sáfà fúnra rẹ̀ sọ àdírẹ́sì tó tọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀fọ́rí mìíràn wà tó jẹ́ ti àwa tí íntánẹ́ẹ̀tì wa ń wọ́. Fáìlì gígábáìtì 2 lórí ìsopọ̀ tó ń gbé mẹ́gábíìtì 2 jáde ní sẹ́kọ́ńdì kan máa gba nǹkan bíi wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú 13. Ní gbogbo àkókò yẹn, ìsopọ̀ kejì ń ṣiṣẹ́, àkọ́kọ́ dákẹ́. RFC 5382 ti ọdún 2008 ní NAT ò gbọdọ̀ gbàgbé ìsopọ̀ tó dákẹ́ kó tó pé wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú 4. Ẹ ò rí i pé kò tó? Ọ̀pọ̀ ráútà kékeré kì í tiẹ̀ dúró tó bẹ́ẹ̀. Fáìlì á dé tán pátápátá, ètò á ní kò dé, á tún bẹ̀rẹ̀ láti òdo, dátà á sì máa lọ. Ẹ tan keepalive nínú ètò FTP yín, kí ìsopọ̀ àkọ́kọ́ má bàa dákẹ́.

Àwọn tó ń lo MiFi tàbí ráútà onísíìmù, ẹ wo àdírẹ́sì ìta tó wà nínú rẹ̀. Bó bá wà láàárín 100.64 sí 100.127, tàbí tí nọ́ńbà àkọ́kọ́ rẹ̀ bá jẹ́ 10 gan-an, ilé iṣẹ́ tó ń ta dátà fún yín ti fi NAT mìíràn bò yín, kò sì sí pọ́ọ̀tì tí ẹ máa ṣí nínú ilé tó máa dé ìta. Ẹ má san owó fún ẹnikẹ́ni tó bá ní òun á ṣí i. Ẹ háyà sáfà síta, kí ẹ máa pè é láti inú ilé.

Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀, mi ò ní jẹ́ kó fọwọ́ kan FTP rárá. SFTP wà, tó ń gba inú SSH tí Tatu Ylönen ṣe ní Finland lọ́dún 1995, lẹ́yìn tí àwọn kan jí ọ̀rọ̀ aṣínà kó lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì yunifásítì tó wà. Ìsopọ̀ kan, pọ́ọ̀tì kan, 22. Kò sí àdírẹ́sì nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀, NAT ò sì ní ohun tó máa bá a fà. Fún ẹ̀rọ àgbà tí kò gbọ́ ju FTP lọ nìkan ni gbogbo ohun tí mo ti ń sọ bọ̀ yìí wà.

Ẹ̀yin tó fẹ́ ra fọ́tókọ́pì tòkunbọ̀, kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín, ẹ ní kí ẹni tó ń tà á tan án, kó ṣí ibi tí wọ́n ti ń ṣètò fífi ìwé ránṣẹ́ hàn yín. Bí ẹ bá rí SFTP níbẹ̀, ẹ rà á. Bó bá jẹ́ FTP nìkan, ẹ wá ọ̀rọ̀ náà “passive” níbẹ̀. Bí ẹ ò bá rí ìkankan, ẹ ní kó dín owó rẹ̀ kù, torí pé ẹ ṣì máa sanwó fún èmi tàbí ẹlòmíràn láti wá gbé aṣojú kalẹ̀ fún un.